Géèmù Máríò àtijọ́ yìí, kí ni wọ́n fi sí i?

Ìyá Ìbejì Basírì béèrè:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì rí ẹni tí mo lè bi ní yàrá àwọn olùkọ́ wa tí kò ní fi mí ṣẹ̀sín.

Àbúrò mi ọkùnrin wá kí wa ní Adó láti Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ra ẹ̀rọ géèmù kékeré kan fún àwọn ìbejì mi, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, tí géèmù àtijọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ lọ súà. Àwọn ọmọ náà pé ọdún mẹ́wàá ní oṣù Kẹta. Géèmù tí wọ́n ń ṣe lórí fóònù bàbá wọn, bí ẹ bá rí i, ẹ ó rò pé sinimá ni: koríko ń mì, omi ń dán, òógùn ń yọ lójú ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo ní wọn ò ní wo ti àtijọ́ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Àṣìṣe ni mo ṣe. Ọjọ́ kẹrin rèé tí fóònù ti wà lórí tábìlì tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè rẹ̀. Máríò ni. Ọkùnrin kúkúrú onírunmú yẹn, tó ń fi orí kan bíríkì kiri bí ẹni tí orí ń fọ́.

Ti àwọn ọmọ yẹn kì í tilẹ̀ ṣe ìyanu. Ìyá mi, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tó wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa láti Ìjerò, jókòó tì wọ́n lánàá láti ìgbà tí a jẹ iyán tán títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá ò mọ ohun tó ń jẹ́ géèmù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí àwọn ahun tó ń rìn kiri níbẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé Ahun ló tún jí ọmọ ọba gbé?” Kẹ́hìndé ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Ìyá ní, “Mo mọ̀. Ta ni ì bá tún jẹ́?” Wọ́n wá ká ẹsẹ̀ sórí àga, wọ́n ní kí wọ́n máa bá a lọ.

Mo lọ wádìí ẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án 1985 ló jáde ní Japan. Ó fi ọdún kan jù mí lọ. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, mo mọ bó ṣe le tó kí ọmọ ọdún mẹ́wàá jókòó sídìí ohun kan fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n fi sí géèmù yìí? Ẹ má kàn sọ fún mi pé ó dùn. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló dùn tí a ti gbàgbé.

Ẹlẹ́géèmù Ìkẹ́rẹ́ fèsì:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, ẹ ní wọ́n mọ ahun dénú. Ọ̀gá pátápátá inú géèmù yẹn, Bowser, ahun ni lóòótọ́, ahun tó ní ìwo tó sì ń tu iná lẹ́nu.

Orí géèmù yìí ni mo fi san owó ìdánwò àṣejáde mi, nítorí náà ẹ gbà mí láyè kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Ní 1995, ìyá mi ń ta gààrí àti epo pupa ní Ìkẹ́rẹ́, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Adó. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó fi ẹ̀rọ géèmù kan ránṣẹ́ sí mi. Kì í ṣe ojúlówó ti Nintendo, ilé iṣẹ́ Japan tó ṣe Máríò, o. Ta ló rí ojúlówó nígbà náà? Àwọn tí wọ́n ń fara wé e, tí wọ́n ń kó wọlé nínú páálí, ni gbogbo wa mọ̀. Mo ya igun kan sọ́tọ̀ nínú ìsọ̀ ìyá mi, mo fi aṣọ ìkélé àtijọ́ dí i, mo gbé tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dúdú-àti-funfun sí i, mo to bẹ́ǹṣì kan. Náírà méjì fún ẹ̀mí mẹ́ta. Tó o bá kú lẹ́ẹ̀mẹta, dìde. Ọdún méjì gbáko làwọn ọmọ Ìkẹ́rẹ́ fi jà lórí àwọ̀ fìlà Máríò. Ẹnì kan ní búlúù ni, òmíràn ní àwọ̀ ewé ni. Kò sí ẹni tó rí pupa rí.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣàkíyèsí ni pé n kò kọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ní ti àwọn géèmù yòókù, mo ní láti fi igbá gààrí sílẹ̀ kí n wá dúró tì wọ́n: “Tẹ ibí, má tẹ ibẹ̀, ọ̀tá nìyẹn.” Ní ti Máríò, ọmọ á jókòó, á di páàdì mú, ẹnu mi á sì sinmi. Ìdí rẹ̀ kò yé mi títí mo fi dàgbà. Ìyá Ìbejì, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìpele kìíní, kí ẹ fi ojú olùkọ́ wò ó.

Máríò dúró sápá òsì. Ó fẹ́ padà sẹ́yìn, kò ṣeé ṣe. Iwájú rẹ̀ ṣófo gbalasa. Nítorí náà, ó rìn síwájú. Ó rí àpótí kan tó ń ṣẹ́jú lókè, àmì ìbéèrè wà lára rẹ̀. Kó tó ronú, nǹkan kékeré kan tó fajú ro ti ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Bó bá dúró, ó kú. Kò sí wàhálà: ibi tó kú sí kò jìnnà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló ti ṣòfò. Lẹ́ẹ̀kejì, ó tẹ bọ́tìnnì, ó fò, ó bà lé nǹkan kékeré yẹn lórí, ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Ó tún fò, orí rẹ̀ kan àpótí, owó jáde. Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni olú jáde nínú àpótí míràn. Báwo ni ọmọ ṣe fẹ́ mọ̀ pé olú yìí ṣàǹfààní, nígbà tó jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ tó wá pàdé rẹ̀, òun náà jọ olú, ikú ló sì gbé wá? Ẹ wo ọgbọ́n tí wọ́n ta. Olú náà rìn lọ sápá ọ̀tún, ó já bọ́ sílẹ̀, ó lọ forí sọ páìpù, ó yíjú padà, ó ń bọ̀. Bíríkì wà lókè orí ọmọ náà. Tó bá fò kó lè sá, orí rẹ̀ á kàn, á já wálẹ̀ sórí olú náà. Bó fẹ́ bó kọ̀, á jẹ ẹ́. Máríò di ńlá. Gbogbo bẹ́ǹṣì á hó yèè. Shigeru Miyamoto, tó ṣe géèmù náà pẹ̀lú Takashi Tezuka, ti fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀ tò ó bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ tún lọ sí iwájú ìpele kan náà. Ẹ ó rí àtẹ̀gùn méjì tó kọjú síra wọn, ilẹ̀ wà láàárín wọn. Tó o bá fò tí o kò dé òdìkejì, o kàn já bọ́ sílẹ̀ ni, o tún gùn ún. Ẹ rìn díẹ̀ sí i. Àtẹ̀gùn méjì mìíràn rèé, bákan náà gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ihò ló wà láàárín èyí. Wọ́n jẹ́ kó o dán an wò níbi tí kò ti léwu, kí wọ́n tó gbé ikú sábẹ́ rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà tó máa ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ wá ta iṣu lọ́jọ́ ọjà. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò fọwọ́ kan páàdì rí, àtàǹpàkò rẹ̀ le bí igi. Bàbá rẹ̀ fi iṣu kan ṣe ènì fún ìyá mi, ni mo bá fún un ní ẹ̀mí mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀mí kìíní, ó kú lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀mí kejì, ó jẹ olú. Ẹ̀mí kẹta, ó dé àwọn àtẹ̀gùn tí mo sọ yẹn. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó mú náírà mẹ́rin wá, ó dé òpó àsíá tó wà ní òpin ìpele.

Ìfò yẹn náà ńkọ́? Tó o bá tẹ bọ́tìnnì wéré, ó fò díẹ̀. Tó o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó fò ga. Tó bá ti ń sáré tẹ́lẹ̀, ó fò jìnnà. Nínú afẹ́fẹ́ pàápàá, o ṣì lè fà á sẹ́yìn díẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá kú mọ̀ pé ọwọ́ òun ló pa òun. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń ta ẹ̀mí mẹ́ta ní náírà méjì! Ọmọ tó bá rò pé ẹ̀rọ ló rẹ́ òun jẹ á dìde, á bínú lọ. Ọmọ tó bá mọ̀ pé òun ló pẹ́ kí òun tó fò á na ọwọ́ sápò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìgbà tí mo jẹ gbèsè. Ní òpin ìpele 3-1, ìyẹn ìpele kìíní nínú ayé kẹta, ahun méjì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Tó o bá mọ̀ ọ́n tẹ̀, karawun ahun á máa lu àtẹ̀gùn, á máa padà sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, ẹ̀mí á sì máa gorí ẹ̀mí. Ọmọkùnrin kan tó wá lo ìsinmi láti Adó mọ̀ ọ́n. Ó san náírà méjì láago méjì ọ̀sán, títí di ìrọ̀lẹ́ kò tíì dìde. Mo wo ojú tẹlifíṣọ̀n: níbi tí wọ́n ń kọ iye ẹ̀mí sí, adé kékeré kan ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà ti tán. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ń kùn. Mo ń wá bí n ó ṣe lé e, nígbà tí ẹ̀rọ bá mi gbèjà. Géèmù náà kò lè ka iye ẹ̀mí kọjá 127. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó gbà pé o ò ní ẹyọ kan. Ọmọ Adó fò díẹ̀ jù, ó já sí ihò, géèmù parí pátápátá. Èmi náà ò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà. Mo sọ fún wọn pé ọ̀kánjúwà ló fà á. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti fi aago gba owó.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n fèsì:

Bọ̀ọ̀dá Ẹlẹ́géèmù, ẹ kú ìrántí. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ẹ máa bínú sí mi, ọ̀rọ̀ olú àti àtẹ̀gùn yìí, àsọdùn wà níbẹ̀. Ọjà ló gbé Máríò.

Ní 1983, ọjà géèmù inú ilé ṣubú ní Amẹ́ríkà. Géèmù tí kò dára kún orí igbá, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́. Ọdún 1985 ni Nintendo gbé ẹ̀rọ tiwọn wọ New York, Máríò sì wà lára ohun tí wọ́n gbé wá. Nígbà tó yá, inú páálí kan náà ni wọ́n ń tà wọ́n pọ̀: ra ẹ̀rọ, gba Máríò. Ìyẹn ló jẹ́ kí iye tí wọ́n tà lé ní mílíọ̀nù 40. Kí ni àwa náà rà ní tiwa? Ẹ̀rọ àfarawé tí Máríò ti wà nínú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó tó kúrò létíkun. Iyán tí wọ́n bá gbé síwájú ẹni lẹni ń jẹ. Ká ní géèmù mìíràn ni wọ́n fi sínú páálí yẹn ni, òun ni Ìyá Ìbejì ì bá máa béèrè nípa rẹ̀ lónìí.

Lẹ́yìn náà, géèmù Kọ́ńtírà ló dára jù. Ẹni méjì jọ ń yìnbọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Máríò, o jókòó, o ń dúró kí ẹnì kejì kú. Kí ni adùn ìyẹn?

Ẹlẹ́géèmù Ìkẹ́rẹ́ fèsì:

Àbúrò, o ò purọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọjà. Gbogbo ohun tó o sọ nípa Amẹ́ríkà ló rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n o gbàgbé bí kásẹ́ẹ̀tì tiwa ṣe rí. Ara èyí tí mo ní, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé géèmù 9999 ló wà nínú rẹ̀. Èmi àti àwọn ọmọ bẹ́ǹṣì kà á lọ́jọ́ kan tí òjò ò jẹ́ ká jáde. Kò ju méje lọ. Àwọn méje náà ni wọ́n ń pa orúkọ wọn dà títí dé ìsàlẹ̀. Máríò wà níbẹ̀, Kọ́ńtírà wà níbẹ̀, ọkọ̀ ogun wà níbẹ̀, ìbọn tí wọ́n fi ń yin pẹ́pẹ́yẹ wà níbẹ̀. Iye kan náà ni gbogbo wọn. Èmi ni mo jókòó síbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, mo rí ohun tí ọmọ ń yàn pẹ̀lú owó ara rẹ̀. Àwọn bọ̀ọ̀bọ́ọ̀ tó ti ń fá irùngbọ̀n ló ń yan Kọ́ńtírà. Àwọn yòókù, Máríò. Àwọn obìnrin náà, Máríò. Páálí lè mú un wọlé. Ta ló dá a dúró síbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ìdúró tó o sọ, ibẹ̀ gan-an lo ti ṣìnà, má bínú. Ẹni mẹ́rìnlá lè wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn, méjì péré ló ń ta. Èwo lo rò pé àwọn méjìlá yòókù ń ṣe? Wọ́n ń wò ni. Ní Kọ́ńtírà, ọta kún ojú tẹlifíṣọ̀n, òǹwòran ò mọ ohun tó pa ẹni. Ní Máríò, gbogbo bẹ́ǹṣì ti rí ihò náà kí ẹni tó di páàdì tó dé ibẹ̀. “Fò! Fò! Mo ní kó o fò!” Ìyá mi máa ń ké láti ibi gààrí pé ta ló ń jà. Ìyá Ìbejì, Ìyá Àgbà yín tó ká ẹsẹ̀ sórí àga, ọmọ bẹ́ǹṣì ni wọ́n.

Àṣírí inú rẹ̀ ńkọ́? Ní ìpele 1-2, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń rìn. Gbogbo ayé ń gba abẹ́ àjà kọjá. Ọmọ Adó yẹn, kí n má purọ́ mọ́ ọn, òun náà ló fi hàn wá pé èèyàn lè gun orí àjà náà fúnra rẹ̀, kó máa rìn níbi tí nọ́ńbà àti owó wà lójú tẹlifíṣọ̀n, títí dé yàrá kan tí páìpù mẹ́ta wà, tó ń gbéni lọ sí ayé kejì, ìkẹta, ìkẹrin. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣe é, yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Ó gba àkàrà márùn-ún lọ́wọ́ wọn kó tó tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ kejì, ilé ìwé mẹ́ta ní Ìkẹ́rẹ́ ti gbọ́. Kò sí fóònù, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnu ló ń gbé e. Irọ́ náà ń dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹnì kan ní òun mọ ibi tí Máríò ti lè gba orí òpó àsíá fò kọjá, a nà án lẹ́yìn nítorí irọ́. Ó di ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí n tó rí i nínú fídíò pé ó ṣeé ṣe ní ìpele kan. Bó bá ń ka èyí, kó dárí jì wá.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù ni bí ẹrù rẹ̀ ṣe kéré tó. Gbogbo géèmù náà, ayé mẹ́jọ, ìpele 32, orin rẹ̀, àwòrán rẹ̀, kò ju kílóbáìtì 40 lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo tí Ìyá Ìbejì bá fi fóònù yà lónìí á gba ìlọ́po mélòó kan ààyè yẹn. Nítorí náà, wọ́n ń ṣọ́ ohun gbogbo lò bí ìyàwó ilé tó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí owó oṣù tó dé. Ẹ wo àwọsánmà tó wà lókè, ẹ wo igbó tó wà nílẹ̀: àwòrán kan náà ni, àwọ̀ ni wọ́n yí. Lórí tẹlifíṣọ̀n dúdú-àti-funfun mi, a ti rí èyí láti 1995, a sì rò pé tẹlifíṣọ̀n ló bàjẹ́. Fìlà Máríò? Irun orí ṣòro láti yà lára èèyàn tóótòòtó, ni wọ́n bá dé e ní fìlà. Irunmú? Kí imú rẹ̀ lè yàtọ̀ sí ojú. Inú géèmù gọ̀rílà kan ní 1981 ni Máríò ti kọ́kọ́ jáde, káfíńtà sì ni nígbà náà. 1983 ló di púlọ́ḿbà. Ọ̀pọ̀ èèyàn l'Ékìtì náà ti pààrọ̀ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, a ò rí ẹni tó ṣe géèmù fún wọn.

Olórin Ọ̀yẹ́ fèsì:

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀, ẹ fi orin sílẹ̀. Ó dùn mí.

Èmi ni mo ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀yẹ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, wọn kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin fọwọ́ kan páàdì nílé wa. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń ta á. Èmi ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé. Láti ibi tí mo wà, mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé bí ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀. Orin àkọ́kọ́ yẹn, ó ń ta pọ́nún pọ́nún: orí ilẹ̀ ni wọ́n wà. Ó di ohùn ìsàlẹ̀ tó ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ rìn: wọ́n ti wọ abẹ́ ilẹ̀. Ó di èyí tó ń mì bí ìgbà tí wọ́n ń rọ ọmọ sùn: inú omi. Tí aago bá ku 100, orin náà á yára lójijì, ọwọ́ tèmi náà á yára lórí abọ́. Mo fọ́ àwo bàbá mi kan nídìí ẹ̀.

Koji Kondo ló kọ ọ́. Ẹ̀rọ yẹn kò ní ju ohùn mẹ́ta tó lè kọrin lọ lẹ́ẹ̀kan náà, àti ariwo ṣàà kan tó ń ṣe bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹ ronú nípa ìyáàlù kan àti omele méjì. Kò sí ibi tí alùlù lè fara pa mọ́ sí nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ń gbé orin, ìkejì ń gbè é lẹ́sẹ̀, ìkẹta ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dá ẹsẹ̀ sí i. Orin náà kò tún dúró ní ààyè rẹ̀ lọ́tọ̀: ìfò Máríò ní ohùn, owó ní ohùn, ẹni tó ń ta á ń bá wọn lùlù láìmọ̀. Mo ti gbìyànjú láti kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin mi bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ ka ìlù. Wọ́n ń ṣubú. Mo tẹ orin abẹ́ ilẹ̀ Máríò lọ́jọ́ ìgbáradì kan, gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà láìṣe àṣìṣe kankan. Alàgbà kan yọjú lójú fèrèsé, ó ní orin wo nìyẹn. Mo ní ti òkè òkun ni, sà. N kò kúkú purọ́.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n, kọ orin Kọ́ńtírà fún mi nísinsìnyí, láìwo fídíò.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n fèsì:

Anti, ẹ ti mú mi. N ò lè kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ páálí o.

Ìyá Ìbejì Basírì fèsì:

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo ka èsì yín sókè lálẹ́ àná, ìrọ̀lẹ́ wa ò sì rí bákan náà mọ́.

Lákọ̀ọ́kọ́, mo wo ibi olú yẹn. Mo ní kí Táíwò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó fò láti sá fún un. Orí rẹ̀ kan bíríkì, ó já wálẹ̀, ó jẹ ẹ́. Mo pariwo bí ọmọdé. Mo wá wo ìwé ìmúrasílẹ̀ ẹ̀kọ́ mi fún ọjọ́ Ajé. Ogún ìṣẹ́jú gbáko ni mo kọ síbẹ̀ pé n ó fi ṣàlàyé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìṣirò kan. Mo pa ìwé náà dé, n ò tíì ṣí i.

Ẹ̀ẹ̀kejì, Ọmọ Ẹ̀fọ̀n, bàbá àwọn ọmọ wà lẹ́yìn rẹ. Ó ní ohun tó wà nílé lọmọ ń fi ṣeré. Mo ní fóònù rẹ̀ náà wà nílé, orí tábìlì ló wà láti ọjọ́ Ẹtì. Kò tíì fún mi lésì.

Ẹ wá gbọ́ ti Ìyá. Alẹ́ àná, àwọn ìbejì dé ìpele 1-4, wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ahun ńlá. Ìyá ti jókòó sí etí àga pátápátá. “Ulé rẹ̀ rèé,” wọ́n ń nàka, “ulé rẹ̀ rèé, ẹ má jẹ́ kó lọ.” Kẹ́hìndé gba abẹ́ rẹ̀ sáré kọjá, ó fọwọ́ kan àáké, afárá já, Ahun ré sínú iná. Ìyá pàtẹ́wọ́, wọ́n súre fún Kẹ́hìndé, wọ́n súre fún Táíwò tó kàn ń wò. Wọ́n dé inú yàrá. Ọkùnrin kékeré kan tó dé fìlà olú ló dúró síbẹ̀. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wọn: ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Máríò, ṣùgbọ́n ààfin mìíràn ni ọmọ ọba wà.

Ìyá dákẹ́. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní, “Ṣé Ahun ti mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀?” Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bú ọkùnrin kékeré yẹn, wọ́n ní kò lè jẹ́ pé kò mọ̀ sí i, ẹni tó dúró nínú yàrá ahun láìní okùn lọ́rùn. N kò tíì ronú kan ìyẹn rí láyé mi.

Ọ̀la ló yẹ kí àbúrò mi kejì wá gbé wọn padà sí Ìjerò. Wọ́n ti pè é. Wọ́n ní kó má wá, ọ̀rọ̀ ọmọ ọba kan wà nílẹ̀ tí àwọn ń bójú tó.

Bọ̀ọ̀dá Ẹlẹ́géèmù, ẹ jọ̀ọ́, ààfin mélòó ló kù?

Ẹlẹ́géèmù Ìkẹ́rẹ́ fèsì:

Méje. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ó sì bá nínú mẹ́fà nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ìbejì gun orí àjà ní 1-2, kí wọ́n wọ páìpù tó ń lọ sí ayé kẹrin. Ìyẹn yóò dín in kù. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ fún wọn tààrà. Ẹ kàn dúró lẹ́yìn wọn tí wọ́n bá débẹ̀, kí ẹ ní, “Kí ló wà lókè yẹn ná?” Kí Ìyá Àgbà má sì gbọ́ pé ọ̀nà àbùjá wà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má bàa bú èmi náà mọ́ ọkùnrin kékeré yẹn.